Ohun Tí Ẹ̀rọ Gbà Gbọ́ Nígbà Tí Iná Dé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jókòó dáadáa, nítorí ìdáhùn mi kò kúrú. Iṣẹ́ iná ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, láti orí tẹlifíṣọ̀n títí dé orí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni mo sì ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ti pẹ́ nídìí iná débi pé ẹ̀rù kì í ba òun mọ́, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ sísá ni ó ń bá ogun lọ. Èmi mọ sísá, òun ni mo fi dàgbà.

Orúkọ mi ni Sàídátù. Mushin ni wọ́n bí mi sí, ní ilé kan tí kò jìnnà sí Ìdí-Orò. Télọ̀ ni bàbá mi, ìyá mi ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ọ̀yìngbò. Àwa méjì ni wọ́n bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, Ganíyù. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa bàjẹ́, mo bá bàbá mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Yẹkínì, mo rí inú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ní obìnrin kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Yẹkínì dá a lóhùn pé, "Iná ò mọ obìnrin, kò mọ ọkùnrin. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló ń gbé." Ọ̀rọ̀ yìí ni bàbá mi gbọ́ tó fi gbà. Èmi ni ẹ̀rù wá bà.

Ọ̀gá Yẹkínì kúrú, kì í sábà rẹ́rìn-ín, sílípáàsì rọ́bà kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ti gan, kò ṣeé ká mọ́. Ọjọ́ tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé, ìka yìí ni yóò nà sí i lójú, yóò ní, "Ẹnì kan ló sọ fún mi pé òun ti pa iná." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò fún ọ ní tẹ́sítà, irin kékeré tí gílóòbù inú rẹ̀ máa ń tàn bí iná bá wà nínú wáyà, yóò wá sọ òfin ṣọ́ọ̀bù: "Má gbà á gbọ́. Dán an wò."

N kò tíì rí ọ̀gá tó le tó o. Yóò dúró lẹ́yìn rẹ, yóò ní, "Mo ti yọ wáyà yẹn o, máa ṣiṣẹ́ lọ," kò sì ní yọ ọ́. Bí o bá nawọ́ láìmú tẹ́sítà, sílípáàsì ni wàá gbọ́ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ kí ọwọ́ náà tó dé ibi ikú. Mo sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn débi pé àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ sọ mí ní Omi Ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ wá tẹ́sítà ná.

Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà ni òfin náà ti nira fún mi jù. Wọ́n pè wá sí ilé màmá arúgbó kan ní Òtò, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń yọ èéfín. Bí a ṣe wọlé, màmá ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Mo ti yọ ọ́ lára iná, ọmọ mi, ẹ má fòyà." Báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá àgbà, kí ó tún wá yọ tẹ́sítà síta lójú rẹ̀? Yóò dà bí ẹni pé mo pè é ní onírọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mo nawọ́. Ọ̀gá gbá ọwọ́ mi dànù bí ẹni gbá eṣinṣin. Ó fi tẹ́sítà kan ibi tí ìka mi ń lọ, gílóòbù tàn yòò. Fáànù ni màmá yọ. Wáyà méjèèjì jọra, ojú rẹ̀ kò sì ríran tó mọ́.

"Ṣé mo wá purọ́ fún yín ni?" Inú ti ń bí màmá.

Ọ̀gá Yẹkínì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, màámi. Ẹ̀yin kọ́ ni mi ò gbà gbọ́, iná ni."

Gbogbo ohun tí mo ní í kọ́ yín nípa iṣẹ́, inú ilé màmá yẹn ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tó kù jẹ́ àlàyé.

Irin iṣẹ́ ń yí padà, àwa náà ń yí tẹ̀lé e. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ló kún ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó gba òmìnira, ti aláwọ̀ mèremère ti gbòde, iná inú rẹ̀ sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí o bá yọ ọ́ lára ògiri pàápàá, iná á ṣì lúgọ sínú rẹ̀ bí ejò nínú ihò, á máa dúró dè ọ́. Lẹ́yìn náà ni géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn ọmọ Mushin sì ń tò síwájú ilé ẹni tó bá ní i. Láti orí títún géèmù ṣe ni a ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ẹni tó ti gba ọwọ́ rẹ lẹ́nu ikú, o kì í yára fi í sílẹ̀.

Bọ̀dá Délé, oníbàárà ọ̀gá mi kan, ló mú ọ̀rọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà wá. Ó ti jáde yunifásítì, ó ń gbé yàrá kan ní Yaba, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ géèmù kan tí ẹni mẹ́fà lè jọ ta lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tirẹ̀ nínú pápá kan náà, kí wọ́n máa yìnbọn lu ara wọn. A gba gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìpọ̀nrí, a to kọ̀ǹpútà mẹ́fà sí i, mo fi wáyà so gbogbo wọn mọ́ ìkeje tó wà ní igun, tí a ń pè ní ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀rọ ńlá yìí ni adájọ́. Òun ló ń sọ fún gbogbo àwọn tó kù ẹni tó kú àti ẹni tó yè.

Ẹ gbọ́ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iná kì í dúró pẹ́ nígbà náà. Bí ó bá lọ, ká tó tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú, ẹni tó ti fẹ́ borí á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wá. Àánú wọn ṣe Délé, ó sì wá ọgbọ́n kan dá. Ó fún olúkúlùkù ní dísíkì, pálí oníke pẹlẹbẹ tí a ń ti bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Orí dísíkì yìí ni kọ̀ǹpútà á máa kọ iye ẹ̀mí tó kù fún ọkọ̀ ogun rẹ sí lóòrèkóòrè. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ ńlá á bi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ̀mí rẹ ku mélòó?" Èyí tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni yóò gbà. Bí dísíkì bá bàjẹ́ tí kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rọ ńlá á rò pé àlejò ni ọ́, á fún ọ ní ẹ̀mí kíkún, ọgọ́rùn-ún.

Mo rántí pé Ọ̀gá Yẹkínì fi ìka rẹ̀ tó gan họ irùngbọ̀n. "Délé, ṣé kò ní yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò ni?"

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ńlá yẹn ò lágbára tó o. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò máa ka tiwọn fúnra wọn. Ta ló máa purọ́ nítorí géèmù?"

"Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni."

Délé rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn, ọ̀gá mi sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àyà mi já díẹ̀, ṣùgbọ́n àyà mi máa ń já sí gbogbo nǹkan, wọn kì í sì í kà á sí mọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi rí ihò náà. Wọn á da ohun tó wà lórí dísíkì kọ sórí òmíràn nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì kún, wọn á fi èkejì pamọ́ sápò. Bí ìbọn bá ti fẹ́ pa wọ́n, wọn á máa gbàdúrà kí iná lọ. Kọ́tìnnì dúdú ni a ta sí gbọ̀ngàn náà kí ojú kọ̀ǹpútà lè hàn dáadáa, nítorí náà bí iná bá lọ ní ọ̀sán gangan, òkùnkùn birimù ni. Nínú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti ń pààrọ̀ dísíkì. Iná á dé, ọkọ̀ tó ń kú lọ á dìde ní kíkún, kò sì sí ẹni tó rí ọwọ́ wọn. Àwọn ará Ìpọ̀nrí sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àkúdàáyà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán, olúkúlùkù ń fura sí ẹni tó jókòó tì í, ìjà sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Délé ṣèlérí pé òun yóò tún un kọ bí a bá ti ṣe ìdíje tán.

Ìdíje yìí ni mo ń bọ̀ wá sọ. Oníṣòwò kan ní àdúgbò fi tẹlifíṣọ̀n tuntun ṣe ẹ̀bùn. Àwọn ọ̀dọ́ Surulere wá, àwọn ọ̀dọ́ Mushin wá, gbogbo wọn kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ó ku ẹni méjì: Fẹ́mi, ọmọ Surulere kan tó ní ìwà tútù, àti Ganíyù àbúrò mi, tó ti di géńdé nígbà náà, tó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín. Fẹ́mi mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ, kí n má purọ́. Ẹ̀mí Ganíyù ti ku mẹ́wàá, Fẹ́mi ń lé e bọ̀, àwọn ọmọ Surulere ti ń pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ.

Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀, mo sì yí ṣénjóbà, irin tí a fi ń gbé iná láti ibì kan sí ibòmíràn, sí i. Iná dé, ojú kọ̀ǹpútà là, a sì rí i lára ọkọ̀ Ganíyù: ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe pé, "Olè!"

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé Èkó ní àkókò yẹn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè dà. Ẹlòmíràn gbà á, òmíràn tún gbà á. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tí n kò mọ̀ rí, fa Ganíyù dìde ní kọ́là.

"Mi ò ṣe é! Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣe é o!" Èmi ni ó ń pè.

"Kọ̀ǹpútà kì í purọ́!" ni ọkùnrin náà wí. "Ó wà lójú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọgọ́rùn-ún! Ẹ lọ gbé táyà wá níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà!"

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń sáré jáde láti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ńlá kò rí nǹkan kan, pé ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù iná ló máa ń bà mí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iná rọrùn, nítorí tẹ́sítà wà fún un. Táyà náà dé. Wọ́n gbé e gba orí àwọn èèyàn wọlé, mo sì rí i tí Ganíyù rí i.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Yẹkínì ti dọ̀bálẹ̀. Àgbàlagbà, tó lè bí gbogbo wọn, na gbalaja sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ariwo náà rọlẹ̀ nítorí ìtìjú.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe báyìí," ni àwọn kan ń wí.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mi ò gbà gbọ́," ni ọ̀gá mi wí láti ilẹ̀. "Ẹ̀rọ ni. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí dísíkì, dísíkì á bàjẹ́, ẹ̀rọ ńlá á fún onítọ̀hún ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

"Lára ta ni?"

"Lára Fẹ́mi yín."

Fẹ́mi wo Ganíyù, ó wo táyà, ó sì jókòó. Ọlọ́run bá mi kẹ́ ọmọ náà. Ọ̀gá ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè bí iná bá ti ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó pààrọ̀ nǹkan. Délé ta géèmù lòdì sí i títí ẹ̀mí rẹ̀ fi wálẹ̀. Èmi dúró nídìí ṣénjóbà. Iná pupa kékeré kan wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà tó máa ń tàn fún ìṣẹ́jú àáyá bí ó bá ń kọ nǹkan sórí dísíkì. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. Ó kígbe, "Pa á!"

Mo pẹ́ kí n tó yí irin náà. Òkùnkùn ṣú, iná dé. Ẹ̀mí Fẹ́mi wà níbi tó wà, ogún.

Ariwo ta. Ẹnì kan gbá Ganíyù létí, mo gbọ́ ọ. Òórùn pẹtiróòlù ti wọlé, n kò mọ ẹni tó gbé e wá. Ọ̀gá wò mí lójú nìkan, kò bá mi wí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run.

"Pa á!"

Mo pa á. N kò lè wo ojú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná dé. Ohùn àwọn èèyàn ni mo fi mọ̀.

"Ó di ọgọ́rùn-ún! Àwa ló di ọwọ́ ẹ̀ mú o! Kọ̀ǹpútà yìí ti ya wèrè!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin onísíńgílẹ́ẹ̀tì sọ táyà sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó ní kí wọ́n máa ta géèmù lọ. Ọ̀gá ní ó tó. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n fún Fẹ́mi, kò sì sí ẹni tó jiyàn.

Èmi àti Ganíyù padà sí Mushin. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó mú dísíkì kan jáde nínú rẹ̀. Òógùn ti rin ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo ṣe é."

Mo gbá a létí, mo sì tún fà á mọ́ra, a jọ ń sunkún bí ẹni tí òkú wà nílé rẹ̀. Fìlà yẹn wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fà á. Bí ẹnì kan bá gbá fìlà náà dànù ńkọ́? Ìbéèrè yìí ṣì máa ń jí mi.

Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì, kò jẹ́ kí n sọ tán.

"Mo mọ̀," ó ní. "Iná pupa ẹnu kọ̀ǹpútà Ganíyù ò tàn bí iná ṣe ń lọ, kò lè jẹ́ pé dísíkì rẹ̀ bàjẹ́. Mo ń wò ó."

"Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn?"

"Ṣé kí n máa wò ó kí wọ́n sun ún ni? Mi ò purọ́ fún wọn, Sàídátù. Òtítọ́ ni mo fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ọjọ́ tí mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba ọ̀rọ̀ wọn láìdán an wò ni."

Fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, n kò rí i kó wo ojú èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, ẹni tó ti fi gbogbo ayé kọ́ni pé kí a dán nǹkan wò. Ó kó gbogbo dísíkì tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó fi iná sí wọn lẹ́yìnkùlé. Délé, tí kò lè jẹun dáadáa mọ́, tún géèmù náà kọ. Ẹ̀rọ ńlá ló wá ń ka ẹ̀mí fún gbogbo èèyàn, mo sì so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn kí ó má baà kú bí iná bá lọ. Géèmù náà wá ń falẹ̀ bí ìgbín. Àwọn oníbàárà bínú, púpọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́. Kò dùn wá.

Lẹ́yìn náà mo ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba títí ojú mi fi rẹ̀. Mo so ẹ̀rọ pọ̀ fún ilé ìwé, mo so ó pọ̀ fún ilé iṣẹ́, mo kọ́ ọmọ púpọ̀. Ọ̀gá Yẹkínì ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń sọ pé ọwọ́ mi le jù, pé gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ mi ni mo máa ń yẹ̀ wò bí aṣọ́bodè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá, ó dára, ó sì ń bọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ganíyù ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún yín, n kì bá tí sọ ọ́. Ó ti di baba ọlọ́mọ, ó ń kan àga ní Mushin, kò sì fọwọ́ kan géèmù mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Bí iná bá lọ nínú ilé, ìbáà ṣe ìdí oúnjẹ ni a wà, yóò na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, kò sì ní sọ wọ́n kalẹ̀ títí iná yóò fi dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé àṣà ilé wa ni, àwọn náà ń na tiwọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Èmi máa ń jókòó tì í. Ó máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wà lókè o." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Síbẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ mi nínú òkùnkùn náà, mo máa ń wá ọwọ́ rẹ̀ kàn.